Ọmọ mi ń ṣe skating, eré fífi bàtà onírin jó lórí yìnyín: bó bá borí gbogbo ayé, èló ni wọ́n máa fún un?

Ìyá Ọmọ Yìnyín (Houston)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, inú mọ́tò ni mo ṣì jókòó sí tí mo ń tẹ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mọ́kànlá lóṣù tó kọjá. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ṣe ọjọ́ ìbí nínú ilé ìtajà ńlá kan tó ní pápá yìnyín nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Houston, ẹ mọ irú ooru tó ń mú níbí. Ta ló máa rò pé yìnyín ló máa gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́? Àwọn ọmọ yòókù di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí. Tèmi tú ọwọ́ sílẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní eré ọmọdé ni, ó máa sú u. Eré ọ̀hún ló ń jí mi ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Bàtà nìkan, $640. Irin tó wà lábẹ́ bàtà, $350, lọ́tọ̀! Mi ò mọ̀ pé wọn kì í tà wọ́n pọ̀. Àfi bí ẹni ra ìkòkò tí wọ́n wá ní kó lọ wá ọmọrí ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó èésú tí mo kó lóṣù kẹta, tó yẹ kí n fi pààrọ̀ páànù òrùlé ilé wa n'Íbàdàn, bàtà yẹn ló gbé e mì. Olùkọ́ ń gba $48 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Owó pápá lọ́tọ̀, owó pípọ́n irin lọ́tọ̀. Aṣọ ìdíje ni mo fi ọwọ́ ara mi rán, mo sì lẹ òkúta mọ́ ọn ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ṣe léèsì ìyàwó. Títí di aago méjì òru ni mo fi jókòó tì í.

Ọkọ mi ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ó kàn mú bírò, ó kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé kan, ó ní, “Màmá, mi ò ní kí ọmọ má ṣe é o. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bó bá wá di ẹni àkọ́kọ́ láyé, èló ni wọ́n máa kà fún un?” Mi ò lè dá a lóhùn. Àpòòwé yẹn ṣì wà lórí fíríìjì.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé bíi ti tẹ́níìsì ni, àbí wọ́n kàn máa ń gbé góòlù kọ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n sì máa lọ ilé? Ọdún wo ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan gbà?

---

Ọmọ Mọ́kọlá

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o. Èmi wà n'Íbàdàn. Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó ń lu páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀, àti èyí tí wọ́n máa ń kó sórí kóòkì níbi òde. Mo fẹ́ béèrè páànù tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ní ká má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti wo àwọn eléré yìí lórí fóònù ṣá. Kí èèyàn fò sókè, kó pòòyì lẹ́ẹ̀mẹrin nínú afẹ́fẹ́, kó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ lórí irin tínínrín, kí wọ́n wá má fún un lówó gidi? Mo jókòó síbí, mò ń gbọ́.

---

Akọ̀wé Ìnáwó (Nottingham)

Ìyá ọmọ, ẹ káàárọ̀. Ẹ ti bá ẹni tọ́rọ̀ kàn pàdé. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọmọbìnrin tèmi fi wà lórí yìnyín ní Nottingham níbí. Mo ní ìwé kan aláwọ̀ ewé tí mò ń kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde sí. Ní ọdún kẹfà, ìyàwó mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní bí mo bá tún ro iye owó pọ̀ lójú ọmọ yẹn, èmi àti òun máa jọ rìnrìn àjò lọ sílé àwọn òbí òun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ àròpọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà jẹ́ àánú Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn kó lè já àpòòwé yẹn kúrò lára fíríìjì. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ní ìdíje àgbáyé, ìyẹn èyí tí ISU, àjọ tó ń darí eré náà, máa ń ṣe lóṣù kẹta lọ́dọọdún, $64,000 ni wọ́n ti ń fún un láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, bó jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá ṣe é. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń ṣe é ní méjì méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan, $90,000 ni fún àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni òkè téńté. Kò sí ìdíje ISU míì tó ń san tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan.

Ẹ ti wá dárúkọ tẹ́níìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga jókòó. Ní US Open ọdún 2024, ẹni tó na ẹnì kẹyìn nínú àwọn ọkùnrin àti nínú àwọn obìnrin gba mílíọ̀nù 3.6 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti ẹni tí wọ́n nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré tó sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. $100,000 ni wọ́n fún un. Ẹni tí wọ́n lù lálùbolẹ̀ nínú tẹ́níìsì gbé owó lọ ilé ju ẹni tó dáa jù láyé lórí yìnyín lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pa fóònù, mo lọ se tíì.

Kó tó di ìdíje àgbáyé ni Grand Prix wà, láti oṣù kẹwàá. Ìdíje mẹ́fà ni, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, wọ́n á sì fi ìkeje parí ẹ̀ lóṣù Kejìlá. Bí wọ́n ṣe ń sanwó nínú mẹ́fà yẹn nìyí: ẹni àkọ́kọ́ $18,000, ẹnì kejì $13,000, ẹnì kẹta $9,000, ẹnì kẹrin $3,000, ẹnì karùn-ún $2,000. Ẹ wo bó ṣe já wálẹ̀ láàárín ẹnì kẹta sí ẹnì kẹrin, àfi bí àtẹ̀gùn tí wọ́n yọ igi mẹ́ta kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó ṣe ìkẹfà gba ìkíni. Ìdíje méjì péré ni wọ́n sì lè pe ẹnì kan sí nínú mẹ́fà náà. Àwọn mẹ́fà tó bá ṣe dáadáa jù ló máa ń lọ sí àṣekágbá, $25,000 sì ni ti ẹni tó bá borí níbẹ̀.

Ẹ rántí Ilia Malinin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò sì rẹ̀ ẹ́? Ní sáà 2024 sí 2025, ó borí ní Allen, ní Texas yín níbẹ̀. Ó borí ní Halifax ní Kánádà. Ó borí ní àṣekágbá ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé. Ó tún wá gba ìdíje àgbáyé ní Boston lóṣù kẹta ọdún 2025. Kò fi ọ̀kankan sílẹ̀ nínú èyí tó bá lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 18,000, 18,000, 25,000, 64,000. $125,000. Sáà tí kò lábàwọ́n rárá nìyẹn, ti ẹni kan ṣoṣo nínú gbogbo ayé, kó tó san owó olùkọ́, owó ẹni tó ń gbé ijó kalẹ̀ fún un, owó aṣọ, owó dókítà orúnkún. Àwọn òbí tiẹ̀ ló ń kọ́ ọ, àwọn méjèèjì sì ti ṣe eré yìí rí kí wọ́n tó bí i. Nínú ilé tiwa, ta ló máa kọ́ ọmọ láti fò lẹ́ẹ̀mẹrin? Èmi tí mo ń di ògiri mú bí mo bá rí omi dídì lójú títì?

Bí ẹ bá ń rò ó pé kí ọmọ wá ọkùnrin kan tí wọ́n á jọ máa ṣe é, ẹ tún gbọ́ èyí. Ní Grand Prix, $18,000 kan náà ni wọ́n ń fún ẹni méjì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, bàtà mẹ́rin, owó ẹnì kan, $9,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ìdíje àgbáyé, wọ́n rò ó pé èèyàn méjì ni wọ́n, síbẹ̀ náà, $45,000 ló ń kan ẹnì kan.

Ẹ béèrè ọdún tí ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn ọmọdé, Junior Grand Prix wà láti ọmọ ọdún 13. Ẹni àkọ́kọ́ $2,000, ẹnì kejì $1,500, ẹnì kẹta $1,000, ó parí. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí bàtà. Kí wọ́n tó rán ọmọ lọ síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ sì wà yìí, àwọn tó ń du àyè yẹn ò lóǹkà. Ti àgbà ńkọ́? Lóṣù kẹfà ọdún 2022, ISU dìbò pé àwọn máa gbé ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi bá àgbà díje láti 15 lọ sí 17, díẹ̀díẹ̀. Láti sáà 2024 sí 2025 ló ti di 17. Mo fara mọ́ ọn, torí ohun tójú àwọn ọmọbìnrin kéékèèké rí kó tó di ìgbà yẹn kò dáa. Ṣùgbọ́n fún àpò yín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣì ní ọdún mẹ́fà níwájú kó tó lè fọwọ́ kan $18,000 yẹn. Ọdún mẹ́fà bàtà ni o. Ẹsẹ̀ ọmọ kì í sì í dúró.

Ìdíje àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé e lọ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa sanwó kó tó wọlé. Gbogbo ẹ̀bùn tí ọmọ tèmi gbà lọ́dún mọ́kànlá: ife mẹ́rin tí orí ọ̀kan ti já, àpò ìkẹ́rù, àti káàdì £20 tí wọ́n ní ká fi ra nǹkan níṣọ́ọ̀bù bàtà. A fi ra okùn bàtà.

Ẹ lè ní kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà àtijọ́, ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ nídìí eré yìí kò tún lè lọ sí Olíńpíìkì. Sonja Henie ará Norway gba góòlù mẹ́ta, 1928, 1932, 1936, nígbà tó parí ló tó lọ Hollywood lọ kó owó. Ní ìlú tí mo wà yìí, Jayne Torvill ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìbánigbófò, Christopher Dean sì jẹ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni wọ́n ń lọ sórí yìnyín. Ìjọba ìlú Nottingham ló fún wọn lówó tí wọ́n fi lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gba góòlù Olíńpíìkì ní Sarajevo lọ́dún 1984. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bọ́ sọ́jà tó ń sanwó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo rò pé ìtàn àlọ́ ni. Ọlọ́pàá!

Lóṣù kìíní ọdún 1994, ẹnì kan fi ọ̀pá na Nancy Kerrigan nítòsí orúnkún ní Detroit, ọ̀rọ̀ náà sì kan Tonya Harding tí wọ́n jọ ń díje. Gbogbo Amẹ́ríkà bá dúró ti tẹlifíṣọ̀n. Owó tẹlifíṣọ̀n ya wọ eré náà bí omi odò, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìdíje aládàáni tó ń sanwó gidi, ISU sì rí i pé bí òun ò bá sanwó, wọ́n máa kó àwọn ọmọ tán lọ́wọ́ òun. Lọ́dún 1995 ni wọ́n dá ìdíje onípele tó wá di Grand Prix yìí sílẹ̀. Ìbẹ̀rù ló mú wọn sanwó, kì í ṣe ojú àánú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún ọkọ yín ni pé owó ẹ̀bùn kò lè san owó ohun tó gbé ọmọ débi ẹ̀bùn. Kò san án fún ẹni àkọ́kọ́ láyé dáadáa, áńbọ̀sì ẹni ìkẹfà. Àwọn tó lówó nídìí rẹ̀, ìta ìdíje ni wọ́n ti rí i. Yuzuru Hanyu ará Japan gba góòlù Olíńpíìkì méjì, ó fi ìdíje sílẹ̀ lóṣù keje ọdún 2022. Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, òun nìkan dá ṣeré ní Tokyo Dome, pápá béèsìbọ́ọ̀lù ńlá yẹn, èèyàn 35,000 sì ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wò ó. Kò sí adájọ́ kankan níbẹ̀.

Ọmọ tèmi kò dé ibì kankan tí tẹlifíṣọ̀n dé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí wọn kò ní ṣèṣe. Owó àkọ́kọ́ tí yìnyín mú wọ ilé mi nìyẹn. Ó fi ra bàtà fún mi. Bàtà gidi o, tí mo lè fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

---

Sísì Maryland

Ẹ̀gbọ́n Nottingham, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ fo Olíńpíìkì. Àbúrò mi, ohun tọ́kọ rẹ máa kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn èyí nìyẹn, torí náà gbọ́ ọ. Àjọ Olíńpíìkì àgbáyé fúnra ẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó gba góòlù. Orílẹ̀-èdè kálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Àjọ Olíńpíìkì ti Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó gba góòlù ní $37,500, fàdákà $22,500, idẹ $15,000. Láti ọdún 2016 ni òfin ti wà pé ìjọba ò gbọdọ̀ gba owó orí lórí ẹ̀, àyàfi bí onítọ̀hún bá ti ń rí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún. Kazakhstan ń san $250,000 fún góòlù. Bírítéènì tí Ẹ̀gbọ́n wà kì í san nǹkan kan lórí àmì ẹ̀yẹ, bóyá ìyẹn ni wọn ò fi mẹ́nu bà á.

Tuntun kan tún ti wá dé. Lọ́dún 2025, olówó kan tó ń jẹ́ Ross Stevens fi $100 million tọrẹ, pé láti Olíńpíìkì 2026, gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà tó bá kópa, ì báà gba àmì ẹ̀yẹ, ì báà má gbà, á ní $200,000. Inú mi dùn títí mo fi ka ìyókù. $100,000 àkọ́kọ́, wọn ò ní fún un àfi tó bá di ẹni ọdún 45, tàbí ogún ọdún lẹ́yìn Olíńpíìkì rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. $100,000 kejì, àwọn ará ilé ẹ̀ ló máa gbà á lẹ́yìn tó bá kú.

Nítorí náà bí ọmọ rẹ bá lọ, ó máa rówó. Ó kàn máa pẹ́ ni.

---

Ọmọ Mọ́kọlá

Owó ìsìnkú fún eléré ìdárayá! Òyìnbó ò ní pa mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tí mo mọ̀. Àwọn obìnrin Nàìjíríà mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ tó lọ fi ọkọ̀ yìnyín sáré ní Olíńpíìkì ọdún 2018 ní Kòríà, Seun Adigun àwọn. Igi ni wọ́n fi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dá wọn mọ̀. Torí náà, Àǹtí, bó bá tó àkókò, ẹ dá a sílẹ̀ níbí. Èmi máa fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà bẹ̀rẹ̀.

---

Ìyá Ọmọ Yìnyín (Houston)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n, mo ka ti yín sókè fún ọkọ mi látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé $125,000, ó ní kí n tún un kà. Ó ní òun ti rò pé mílíọ̀nù ni, ìdí nìyẹn tí òun fi ń bínú pé a ò ná tó. Mi ò mọ̀ rárá pé ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn!

Ó wá dákẹ́. Ó pe ọmọ, ó ní, “Èwo nínú fífò yẹn lo ti mọ̀?” Ọmọ ní axel ẹyọ kan ló ń dá òun láàmú, pé ìdí lòun ṣì fi ń balẹ̀. Ó ní kó wá fi han òun nínú pálọ̀. Ẹ gbà mí, nínú pálọ̀! Gíláàsì ọ̀ṣọ́ mi kan ti lọ. Ó ti ní òun lòun máa gbé e lọ lọ́la ní aago márùn-ún, kí òun lè rí i lójú ara òun. Èmi máa sùn.

Sísì, ẹ ṣeun. Mi ò ní sọ ti $100,000 kejì yẹn fún un.

Ọmọ Mọ́kọlá, páànù ṣì wà bó ṣe wà. Bẹ́ ẹ bá mọ káfíńtà tó ṣeé finú tán ní agbègbè Òkè-Àdó, ẹ kọ̀wé sí mi.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ ní ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró. Ṣé ẹ ṣì ní àwọn bàtà tí ọmọ yín fi sílẹ̀ nílé? Mi ò tijú.

---

Akọ̀wé Ìnáwó (Nottingham)

Mẹ́ta wà nínú àjà. Irin ọ̀kan ṣì dáa, èyí tó gbẹ̀yìn, kò lò ó tó oṣù mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi jù ú lọ. Ẹ má sọ nọ́ńbà bàtà Amẹ́ríkà fún mi, ó máa dà wá rú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé pépà ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe láàárọ̀, kó dúró dáadáa, kẹ́ ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì po. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé ibi àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mìlímítà. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ náà. Ẹ lè lo ẹ̀yìn àpòòwé yẹn.